Kòkòrò Afẹnukonu, Tó Ń Gbé Àrùn Chagas Wọ Ilé

Kòkòrò afẹnukonu jẹ́ ìbátan ìdun, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, àwọn tó tóbi sì lè tó mẹ́rin. Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tín-ín-rín, ìyẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹlẹbẹ lé ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, etí ikùn tó yọ jáde lábẹ́ ìyẹ́ ní ilà pupa tàbí ilà àwọ̀ ọsàn tó tò tẹ̀ léra wọn. Ojúmọmọ kì í sábà bá a níta. Inú ihò ògiri, ẹ̀yìn àwòrán tí wọ́n gbé kọ́, abẹ́ ibùsùn àti àárín koríko òrùlé ló ń sá pamọ́ sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí àwọn onílé bá ti sùn, á yọ́ jáde, á máa tẹ̀ lé ooru ara àti èémí ẹni tó ń sùn títí yóò fi dé ibi tí aṣọ kò bò. Ojú ló sábà máa ń jẹ́. Nítorí pé ẹ̀bá ètè àti ìpéǹpéjú ló ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìfẹnukonu. Onígbàjámọ̀ ni àwọn ará Bràsíl ń pè é, barbeiro ní èdè tiwọn. Vinchuca ni ní Ajẹntínà, Bolivia àti Chile. Ní Venezuela, chipo ni.

Irú kòkòrò afẹnukonu tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ lé ní 150. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà ní Éṣíà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń gbé, láti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ sí Mẹ́síkò, títí dé Ajẹntínà àti Chile ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò mọ ènìyàn rí: inú ihò ẹranko, inú ìtẹ́ ẹyẹ àti orí ọ̀pẹ inú igbó ni ilé wọn. Àwọn díẹ̀ tó fi igbó sílẹ̀, tí wọ́n di ará ilé, ni wọ́n ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní apá gúúsù, Triatoma infestans ni ògbólógbòó wọn. Òun ló gba Bolivia, Ajẹntínà, Paraguay, Chile, Uruguay, gúúsù Peru àti apá kan Bràsíl. Rhodnius prolixus ló ni Venezuela àti Colombia. Triatoma dimidiata wà láti Mẹ́síkò dé Ecuador. Panstrongylus megistus ti bá àwọn ará Minas Gerais gbé pẹ́ ní Bràsíl, ó sì bá àwọn ará Bahia gbé pẹ̀lú, ìyẹn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ.

Ẹnu kòkòrò yìí jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín kan tó máa ń ká sábẹ́ orí, tó sì máa ń nà síwájú bí ó bá fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Itọ́ rẹ̀ ní ohun tó ń pa ìrora, ó tún ní ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sùn kì í fi í ta jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò náà lè lo ìṣẹ́jú 10 sí 30 lára rẹ̀. Charles Darwin, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdé rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1835 ní Luján, lẹ́bàá Mendoza ní Ajẹntínà, nígbà tí kòkòrò náà gùn ún lóru. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ ó ròyìn ọ̀kan tí wọ́n mú ní Iquique. Wọ́n gbé e sórí tábìlì láàárín èrò, wọ́n sì na ìka sí i. Kò wo ti èrò, ó yọ ẹnu, ó sì ń mu. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ohun tó rí pẹlẹbẹ ti di rọ̀bọ̀tọ̀. Àmuyó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi wọn fi ara rẹ̀ bọ́ ọ, ló gbé e ró fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń jiyàn bóyá àrùn inú kòkòrò yìí ló sọ Darwin di olókùnrùn lẹ́yìn tó padà délé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó lè parí iyàn náà.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ wọn, akọ àti abo, ọmọdé àti àgbà. Níbi èyí wọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀fọn, tó jẹ́ pé abo rẹ̀ nìkan ló ń jẹ ènìyàn. Ọmọ tó bá jáde láti inú ẹyin kò ní ìyẹ́. Á bọ́ awọ nígbà márùn-ún kó tó dàgbà, kò sì lè bọ́ ọ̀kankan láìmu ẹ̀jẹ̀ yó. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́n, ó lè tó ọdún kan tàbí méjì kó tó parí gbogbo rẹ̀. Ìwà yìí ló jẹ́ kí Rhodnius di kòkòrò pàtàkì ní yàrá ìwádìí. Ní London, lọ́dún 1934, Vincent Wigglesworth ń bẹ́ wọn lórí lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ẹ̀jẹ̀ tán. Àwọn tó tètè bẹ́ lórí kò bọ́ awọ mọ́. Àwọn tó jẹ́ kó pé ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ́ wọn bọ́ ọ, láìlórí. Láti ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àṣẹ kan ń ti orí wá, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, tó ń sọ fún kòkòrò pé àsìkò àtidàgbà ti tó. Àwọn kòkòrò aláìlórí náà tún wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí tábìlì rẹ̀. Kò ní ṣòro fún ẹ̀dá tó bá lè fara da ìyẹn láti fara da ìyàn nínú ilé àgbẹ̀ tó bá ìkórè lọ.

Ohun tó mú kòkòrò afẹnukonu léwu kò sí lẹ́nu rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà. Ẹ̀jẹ̀ tó mu ti wú ikùn rẹ̀ débi pé ìrìn yóò nira fún un, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tú omi inú ẹ̀jẹ̀ náà dànù kíákíá. Ibi tó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ náà ló ti ń yàgbẹ́. Inú ìgbẹ́ yìí ni Trypanosoma cruzi wà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn Chagas. Ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ ni á máa yún ẹni tó ń sùn. Á fọwọ́ họ ọ́, á sì ti ìgbẹ́ náà wọ ojú egbò, tàbí kó fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Awọ ara tó dá ṣáká kì í jẹ́ kó wọlé. Àfi kó rí egbò, tàbí ojú, imú àti ẹnu tí awọ wọn rọ̀.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí irú kòkòrò kan ṣe ń tètè yàgbẹ́ tó ló ń sọ bó ṣe léwu tó. Triatoma infestans àti Rhodnius prolixus kì í dúró di ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lára ènìyàn. Triatoma protracta, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sábà máa ń kúrò níbẹ̀ kó tó yàgbẹ́. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí àrùn yìí kò fi wọ́pọ̀ níbẹ̀ bí kòkòrò náà ṣe wọ́pọ̀ tó. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń bá pàdé níbẹ̀ ni pé itọ́ kòkòrò náà kò bá àwọn kan lára mu rárá, tí ara wọn á wú, tí èémí wọn á sì fẹ́ ká. Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbátan kòkòrò àìfojúrí yìí, Trypanosoma brucei, tó ń fa àrùn sùnrunsùnrun. Eṣinṣin tsetse ló ń gbé ìyẹn, itọ́ ẹnu ló sì fi ń tú u sára ènìyàn ní tààrà. Ọ̀nà ti cruzi wọ́ ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, kódà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ni kòkòrò tó ní àrùn lè jẹ ènìyàn kí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó kó o ràn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòkòrò ń jẹ lóru lẹ́yìn òru, láti kékeré dé àgbà, kò lè máa bá irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ta ayò títí kó má pàdánù.

Bí T. cruzi bá ti wọ ara, kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, á ju ìrù tó fi ń wẹ̀ nù, á di roboto, á sì máa pín ara rẹ̀ sí méjì, méjì sí mẹ́rin, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi bẹ́. Àwọn tó jáde á tún hu ìrù, wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ẹran ọkàn àti iṣan ìfun wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Kòkòrò afẹnukonu mìíràn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún á gbé e mì, yóò sì pọ̀ sí i nínú ìfun rẹ̀ títí á fi dé ìpẹ̀kun ìfun, ní ẹnu ọ̀nà ìdí, tí á máa retí àmuyó tó kàn. Kò sí ìyá kòkòrò tó ń gbé e fún ọmọ nínú ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń kó o. Èyí tó bá ti kó o kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí yóò fi kú.

Carlos Chagas, dókítà ọmọ Bràsíl, ló tú àṣírí náà. Ilé iṣẹ́ rélùwéè Central do Brasil ń ta ojú irin gba Minas Gerais kọjá, ibà sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúbúlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Oswaldo Cruz, ọ̀gá ilé ìwádìí tó wà ní Manguinhos ní Rio de Janeiro, rán Chagas lọ sí ìletò Lassance láti lọ gbógun ti ibà náà. Inú ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló fi ṣe yàrá àyẹ̀wò. Ẹnjiníà kan níbi iṣẹ́ náà, Cantarino Motta, ló fi kòkòrò ńlá kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko lóru hàn án. Chagas la ìfun rẹ̀, ó sì bá àwọn ẹ̀dá onírù kéékèèké tí ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi díẹ̀ lára àwọn kòkòrò náà ránṣẹ́ sí Cruz. Ní Manguinhos wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹ àwọn ọ̀bọ kékeré, kò sì pẹ́ tí ẹ̀dá náà fi fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ.

Ó ku bóyá ó ń wọ ara ènìyàn. Ní Lassance, Chagas kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1909, ó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì kan tí ara rẹ̀ ń gbóná, Berenice lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá yà sọ́tọ̀ lónìí fún ìrántí àrùn yìí lọ́dọọdún. Chagas fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ẹ̀dá náà. Iṣẹ́ tó ṣe yìí ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ àrùn ni ayé ti mọ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fà á, àti kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń gbé e kiri. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé e kiri ni Chagas ti bẹ̀rẹ̀, ó bá ohun tó ń fà á nínú rẹ̀, ó sì wá parí rẹ̀ sọ́dọ̀ aláìsàn, nínú àrùn tí dókítà kankan kò tíì yà sọ́tọ̀. Berenice fúnra rẹ̀ lo ọdún tó lé ní 70 láyé. Wọ́n tún rí kòkòrò àìfojúrí náà lára rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, síbẹ̀ kì í ṣe òun ló pa á.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Chagas sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó rò pé gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn àwọn ará agbègbè náà wà lára iṣẹ́ ọwọ́ àrùn yìí, ó sì rò pé ẹnu ni kòkòrò náà fi ń kó o ran ènìyàn. Émile Brumpt, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi hàn lọ́dún 1912 pé ìdí ni. Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ yẹn wá di ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn tó ń jowú Chagas: ní ọdún 1922 àti 1923, nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn Bràsíl, àwọn kan dìde pé àrùn náà kò tó nǹkan, pé àwọn ará Lassance nìkan ló ń ṣe. Ìgbà méjì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, ní 1913 àti 1921, kò sì gbà á. Ó kú lọ́dún 1934. Ajẹntínà ni ìgbèjà rẹ̀ ti wá. Salvador Mazza, láti Jujuy, kó yàrá àyẹ̀wò sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń gbé e láti ìlú dé ìlú, ó sì kó aláìsàn tó lé ní 1,000 jọ sínú àkọsílẹ̀. Cecilio Romaña ṣàpèjúwe lọ́dún 1935 bí ìpéǹpéjú ojú kan ṣe máa ń wú, tí á sì pọ́n, bí ìgbẹ́ kòkòrò bá gba ibẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, dókítà abúlé tí kò ní ẹ̀rọ kankan lè fi ojú lásán fura sí àrùn Chagas.

Àmì ojú yìí kì í yọ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, nígbà tí kòkòrò àìfojúrí náà kún inú ẹ̀jẹ̀, ibà lè wà, orí lè máa fọ́, kókó lè so lára, ibi tó gbà wọlé sì lè le kó wú. Ẹlòmíràn kò ní mọ nǹkan kan. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọdé ló máa ń kú ní ìpele yìí, nítorí ọkàn tàbí ọpọlọ tó wú. Lẹ́yìn rẹ̀, ara á balẹ̀. Onítọ̀hún á padà sóko, á gbéyàwó, á bímọ, ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún á sì kọjá. Nínú ẹni mẹ́ta tó ní i, ó lè tó ẹnì kan tí yóò wá bá a níbi ọkàn. Ẹran ọkàn ti gbọgbẹ́, ó ti ń sapá. Iná tó ń sọ fún ọkàn pé kó lù ti ń ṣẹ́ lọ́nà. Ọkàn á wú, á máa lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú rẹ̀, èyí tó já lè lọ dí iṣan ọpọlọ kó fa rọpárọsẹ̀. Àwọn kan á ṣubú lójijì, wọn kò ní dìde mọ́, lọ́jọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lára àwọn mìíràn, tí wọ́n lè tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, inú ọ̀nà oúnjẹ ló ti ń jà. Àwọn fọ́nrán tó ń pàṣẹ fún iṣan láti ti oúnjẹ sísàlẹ̀ ti kú. Oúnjẹ á há lọ́nà ọ̀fun, onítọ̀hún á máa fi omi tì í ní òkèlè kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ọ̀fun náà á sì máa fẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ ìfun ńlá ni, ọ̀sẹ̀ lè kọjá kó má yàgbẹ́. Kí Chagas tó dé Lassance ni àwọn ará àárín Bràsíl ti mọ àìsàn ìhá-lọ́fun yìí, wọ́n ń pè é ní mal de engasgo, àmọ́ kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ mọ́ kòkòrò ara ògiri. Ní àríwá Amazon, títí lọ dé Mẹ́síkò, èyí tó ń ba ọ̀fun àti ìfun jẹ́ kò wọ́pọ̀. Ọkàn ni ó sábà máa ń dojú kọ níbẹ̀. Ẹ̀yà T. cruzi tó wà ní àríwá kò bá ti gúúsù dọ́gba.

Ìgbẹ́ lójú egbò nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó ń gbà. Aláboyún lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára lè gbé e, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn tàbí kíndìnrín tí wọ́n gbà lára ẹlòmíràn. Ọ̀nà tó wá gbajúmọ̀ jù ní Bràsíl lóde òní ni ẹnu. Ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina, lọ́dún 2005, àwọn tó mu omi ìrèké lẹ́bàá ọ̀nà ló kó o: wọ́n ti lọ kòkòrò mọ́ ìrèké. Ní Caracas, lọ́dún 2007, omi èso gúáfà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé mu ló kó o ran ẹni 103. Ní Pará, ní ẹnu odò Amazon, oúnjẹ ojoojúmọ́ ni èso ọ̀pẹ açaí; inú igbó ni wọ́n ti ń ká a lọ́sàn-án, iná mànàmáná sì ń tàn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ lálẹ́. Kòkòrò lè bá agbọ̀n wá láti oko, ó sì lè fò wá síbi iná, kó já sínú ẹ̀rọ. Àrùn tó bá gba ẹnu wọlé máa ń le ju èyí tó gba ojú egbò lọ, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀. Òfin Pará ní kí wọ́n ri èso náà sínú omi gbígbóná ìwọ̀n 80 fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí wọn kò ní ju ẹ̀rọ kan lọ, ló ṣòro láti mú mọ́ òfin náà.

Àrùn náà ti wà ṣáájú ilé alámọ̀. Wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára òkú àwọn ará àtijọ́ tí aṣálẹ̀ etíkun Chile àti Peru gbẹ, àwọn kan lára wọn sì ti tó 9,000 ọdún. Ilé ló kàn sọ ọ́ di àrùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ti kòkòrò afẹnukonu, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe rárá. Ògiri igi tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, tí oòrùn là, jẹ́ ẹgbẹ̀rún ihò. Òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ lè ti bá kòkòrò wá láti igbó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò ni wọ́n ti kà nínú ilé kan ṣoṣo. Ajá tó ń sùn sínú ilé ní àrùn náà lára, ó sì ń bọ́ kòkòrò lẹ́jẹ̀. Ní Bolivia àti Peru, àwọn eku tí wọ́n ń sìn nínú ilé ìdáná fún jíjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ adìẹ tilẹ̀ yani lẹ́nu: T. cruzi kì í gbé lára ẹyẹ, nítorí náà adìẹ kò lè ní àrùn náà láé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ adìẹ tó sùn sẹ́yìn ògiri ló ń sọ kòkòrò mẹ́wàá di ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà ni ìjà tó yọrí sí rere fi jẹ́ ìjà ilé, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ní òpin àwọn ọdún 1940, Emmanuel Dias fi oògùn apakòkòrò dán an wò ní Bambuí ní Minas Gerais, ó sì rí i pé ilé tí wọ́n bá fín dáadáa, inú ògiri àti òrùlé, lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìjọba tó náwó sí i bó ti yẹ. Lọ́dún 1991, Ajẹntínà, Bolivia, Bràsíl, Chile, Paraguay àti Uruguay fọwọ́ sí i pé àwọn yóò jọ lé Triatoma infestans jáde nínú ilé, àwọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára. Mílíọ̀nù àwọn ilé ni wọ́n fín. Wọ́n kéde pé Uruguay ti bọ́ lọ́wọ́ ríràn rẹ̀ nípasẹ̀ kòkòrò yìí lọ́dún 1997, Chile tẹ̀ lé e lọ́dún 1999, Bràsíl lọ́dún 2006. Irú iṣẹ́ kan náà lé Rhodnius prolixus kúrò ní ọ̀pọ̀ jù lọ Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ohun tó mú un rọrùn ni pé ní gbogbo ibi wọ̀nyí, inú ilé nìkan ni kòkòrò náà ń gbé. Bí ilé bá ti mọ́, kò sí igbó tó máa padà wá láti inú rẹ̀.

Bolivia kò rí bẹ́ẹ̀. Àfonífojì àwọn òkè Andes níbẹ̀ ni orísun Triatoma infestans, ó ṣì ń gbé abẹ́ àpáta níbẹ̀ títí dòní. Bí a bá fi iye ènìyàn wé iye aláìsàn, kò sí orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí dà láàmú tó o. Ní Gran Chaco, ilẹ̀ gbígbẹ tó pa Bolivia, Ajẹntínà àti Paraguay pọ̀, oògùn tí wọ́n ń fín kò ran àwọn kòkòrò kan mọ́. Triatoma dimidiata náà jẹ́ alárìnkiri: wọ́n á fín ilé lónìí, á tún wọlé láti inú igbó bó bá yá. Ní Guatemala, dípò fífín nìkan, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti fi erùpẹ̀ àti ẹ̀fun inú ilẹ̀ wọn rẹ́ ògiri kó má là mọ́, wọ́n sì lé adìẹ sínú àgò lóde. Owó rẹ̀ kéré, ó sì pẹ́ ju oògùn lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ní àrùn yìí lé ní mílíọ̀nù 7, ó sì ń pa ènìyàn tó lé ní 10,000 lọ́dún. Gbogbo wọn kọ́ ló wà ní abúlé. Àwọn tó kúrò ní Látìn Amẹ́ríkà lọ ṣiṣẹ́ ní Spain tàbí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé e dání láìmọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìfitọrẹ wò ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti ọdún 2007, tí wọ́n sì fi ń bi ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Britain bóyá òun tàbí ìyá rẹ̀ wá láti apá ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní irú kòkòrò afẹnukonu 11 tirẹ̀, láti Texas dé California. Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Houston àti Dallas, ajá tó ń sùn síta ló ń kó o jù, àmọ́ àwọn ènìyàn tó kó o níbẹ̀ láìrìn ìrìn àjò wà nínú àkọsílẹ̀ láti ọdún 1955.

Oògùn méjì péré ló wà, benznidazole àti nifurtimox, ó sì ti tó 50 ọdún tí wọ́n ti ń lò wọ́n. Nǹkan bí oṣù méjì ni aláìsàn ń fi mu ún. Ọmọ jòjòló tó kó o láti inú ìyá, tàbí ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára, fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò bọ́ pátápátá. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni agbára oògùn ń dín kù, ara àgbàlagbà sì máa ń kọ̀ ọ́: ara á sú, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ, ẹsẹ̀ á máa ta á. A kì í fún aláboyún, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá lò ó kó tó lóyún kì í sábà kó o ran ọmọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé lára àwọn tí ọkàn wọn ti bàjẹ́, benznidazole ń dín kòkòrò àìfojúrí náà kù nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò dá ìbàjẹ́ ọkàn dúró. Irú wọn ń gbé lórí oògùn ọkàn, ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù dọ́gba, tàbí ọkàn ẹlòmíràn tí wọ́n gbà. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí benznidazole fún àwọn ọmọdé àfi lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti lò ó ju ogójì ọdún lọ. Ìyẹn sọ púpọ̀ nípa ẹni tí àrùn náà ń ṣe.

Ní Bràsíl, níbi tí Triatoma infestans ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti ṣíṣọ́. Àwọn irú mìíràn ṣì ń ti inú igbó wọlé, ọ̀pọ̀ sì ń tẹ̀ lé iná mànàmáná. Ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré tàbí ilé ìwé ni wọ́n fi ṣe ibi tí ará ìlú ń mú kòkòrò tó bá rí wá. Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán mú un, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ fọ́, torí ìgbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi ike tàbí ìgò bò ó, kí wọ́n kọ orúkọ ilé àti yàrá tí wọ́n ti rí i sí i lára. Òṣìṣẹ́ á wò ó bóyá kòkòrò afẹnukonu ni lóòótọ́, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó ń mu omi ewé. Bó bá jẹ́ òun, wọ́n á fún ikùn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú ìfun. Ẹgbẹ́ afínlé á lọ tú ilé náà, ẹ̀yìn ibùsùn, abẹ́ àgò adìẹ, òkìtì igi ìdáná. Bí wọ́n bá rí ọmọ kòkòrò tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, ẹ̀rí pé wọ́n ti ń bí sínú ilé, wọ́n á fín in, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń sùn níbẹ̀ wò.